Àwọn Ọmọ Ogun Amọ̀ Tí Wọ́n Sin ní Newton Heath

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń bi mí léèrè láti ọjọ́ tí mo ti dé pé kí ni mo jẹ, kí ni mo mu, ṣé lóòótọ́ ni yìnyín ń bọ́ láti òkè bí òwú, ẹ jókòó. Mo jẹ, mo mu, yìnyín bọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, mo sì tọ́ ọ wò, kò dùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe jí ère amọ̀ kan nílé ìwé àwọn òyìnbó, èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má jalè. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ó ṣì rú mi lójú.

Àwọn ilé tó jọra

Fúnmi, ọmọ mi obìnrin, ló ránṣẹ́ pè mí. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kan ní Stockport, nílẹ̀ òyìnbó. Káyọ̀dé, ọkọ rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sínú páálí. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, ìkejì ń jáde. Wọ́n ní kí n wá bá wọn gbé fún oṣù mẹ́fà, kí n máa mú ọmọ wọn lọ sílé ìwé, kí n sì máa mú un bọ̀. Tọ́lá ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni Fúnmi fi wá ojú Ọlọ́run kó tó bí i, kò sì bí òmíràn lé e. Òun nìkan ni mo ní ní ọmọọmọ.

Newton Heath ni wọ́n ń gbé. Bíríkì pupa ni gbogbo ilé àdúgbò náà, wọ́n so mọ́ra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀: ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, mo lọ da ìdọ̀tí nù, nígbà tí mo padà, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ìyá òyìnbó kan ló ṣí i. Mo ti fẹ́ máa kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má pe ọlọ́pàá, ni ó bá ní kí n wọlé, ó fún mi ní tíì àti bisikíìtì méjì, ó ń pè mí ní “love”. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà pè mí bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì, tí ọmọ mi àbígbẹ̀yìn jù lọ, òun náà ní “love”. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Káyọ̀dé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbẹ̀ nìyẹn. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló máa jókòó tì yín nínú bọ́ọ̀sì láti ilé dé àárín ìlú tí wọn ò ní wí pé ẹ káàárọ̀.

Ní ti oúnjẹ, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, epo, gbogbo rẹ̀ ló wà ní Cheetham Hill, ata rodo náà wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e bí ẹni pé wúrà ni. Tọ́lá ni kì í jẹ ata. Ọ̀dùnkún díndín ni tirẹ̀, tí wọ́n da fínígà lé lórí. Mo fi kan ẹnu lẹ́ẹ̀kan, gbogbo eyín mi kan.

Ọmọ náà gbà mí gan-an. Àdùkẹ́ ni mò ń pè é, ó sì máa ń dáhùn. Yorùbá rẹ̀ ń ta kókó, ibi tó bá ti jò, á fi Gẹ̀ẹ́sì dí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti kó ìrọ̀rí rẹ̀ wá sí yàrá mi.

Amọ̀

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já lára igi, Tọ́lá jáde ní kíláàsì lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Amọ̀ kún abẹ́ èékánná rẹ̀.

“Mò ń ṣe ara mi, Màmá,” ó wí.

Inú mi dùn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá mi mọ̀ pé ìkòkò ló fi tọ́ wa ní abúlé wa lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, mò ń kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń po amọ̀ kí afẹ́fẹ́ má ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, tí iná á fi bẹ́ ẹ. Ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà òun náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn tirẹ̀.

Ó ní ọba kan wà ní ilẹ̀ Ṣáínà láyé àtijọ́ tí ẹ̀rù ikú ń bà. Ọba náà ní kí wọ́n fi amọ̀ mọ ọmọ ogun fún òun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kí wọ́n ga tó èèyàn, kí ojú ẹnì kan má jọ ti ẹnì kejì. Wọ́n mọ ẹṣin mọ́ wọn. Wọ́n sì kó gbogbo wọn sínú ilẹ̀ lẹ́bàá sàréè ọba kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Wọ́n wà níbẹ̀ títí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbẹ́ kànga tí wọ́n kàn wọ́n.

“Ìyẹn la fi ń ṣe tiwa,” Tọ́lá wí. “Gbogbo kíláàsì. Ojú tèmi lèmi fi sí tèmi. Tí ó bá ti gbẹ, tíṣà wa máa sin wá sẹ́yìn ilé ìwé. Tó bá di ìgbà oòrùn, a máa wá wú ara wa.”

Mo dúró. Mo ní, “Sin ta ni?”

“Àwa,” ó wí. Ó ń fò lórí ewé.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Nílé wa, ta ló ń mọ ère ẹni tó wà láàyè, tó ń fún un lójú àti orúkọ, tó wá ń gbé e sínú ilẹ̀? Ọ̀tá ni. Èmi kì í ṣe kèfèrí, ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti di àtúnbí. Ṣùgbọ́n èèyàn lè di àtúnbí kó má gbàgbé ohun tó mọ̀. 

Mo sọ ọ́ fún Fúnmi bó ṣe ń bọ́ bàtà iṣẹ́. Kò tiẹ̀ jókòó.

“Màmá, eré ọmọdé ni. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni wọ́n ń kọ́ wọn.”

“Wọ́n fẹ́ sin ọmọ rẹ, o ní eré ni.”

“Amọ̀ ni wọ́n fẹ́ sin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nílé ìwé. Wọ́n á ní à ń ṣe oògùn nílé, wọ́n á kọ orúkọ wa sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò nítorí ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹ ò mọ ibí yìí.”

Òótọ́ ni, mi ò mọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Broughton, mo fa ìyàwó pásítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sọ ọ́ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti borí, ó sì bi mí bóyá mo ti gba oúnjẹ. Mo lọ gba oúnjẹ. Kí ni n bá tún ṣe?

Àwòkọ

Ìwé dé láti ilé ìwé pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan láàárín ìlú láti lọ wo àwọn ọmọ ogun náà, wọ́n sì ń wá òbí tó máa tẹ̀ lé wọn. Mo ní èmi á lọ. Fúnmi wò mí títí. Ó ní, “Màmá, ẹnu yín o.” Mo ní mo gbọ́.

Mẹ́fà ni wọ́n dúró sínú gbọ̀ngàn kan tí wọn ò tan iná púpọ̀ sí. Wọ́n ní kì í ṣe àwọn gan-an, àwòkọ ni, àwọn gan-an wà ní ilẹ̀ wọn. Mi ò mọ ohun tí n bá rò sí i. Àwọn gan-an jẹ́ àwòkọ èèyàn, àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ àwòkọ àwòkọ, síbẹ̀ nígbà tí mo dé iwájú ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí mi. Ó ní irùngbọ̀n tín-ínrín. Ó ká ọwọ́ kò bí ẹni tó di ọ̀kọ̀ mú, ọ̀kọ̀ ò sí níbẹ̀. Tọ́lá ní igi ni ọ̀kọ̀ náà, ó ti jẹrà.

Àwòrán kan wà lára ògiri tó fi inú ọ̀kan tó fọ́ hàn. Mo súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, amọ̀ kíká ni! Wọ́n yí amọ̀ gbọọrọ, wọ́n ń ká a lé ara wọn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, bí ìyá mi ṣe ń mọ ìkòkò omi gẹ́lẹ́. Mo rí ojú ìka ẹni tó mọ ọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹ̀rù ló gbé mi wá síbẹ̀.

Obìnrin ará Ṣáínà kan ló ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ, ó ti ń dàgbà díẹ̀, ó sì níwà pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìwé fún mi. Mo ní ọmọlúàbí nìyí, mo sì rọra bi í pé ní ilẹ̀ wọn, ṣé wọ́n máa ń mọ ère ọmọ tó wà láàyè kí wọ́n sì sin ín.

Ó wo ẹ̀yìn bóyá tíṣà ń gbọ́. Ó ní, “Ìyá ìyá mi kò ní gbà láéláé.”

Mo ní, “Ẹn-ẹ́n.”

Ó ní, “Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi náà ṣe é lọ́dún tó kọjá.”

“Kí ló wá ṣe é?”

“Kò sí nǹkan kan. Wọ́n fún un lẹ́bùn.”

Mo dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, mi ò mọ èyí tí n bá gbé lọ sílé. Mo bi tíṣà wọn náà, ọmọdébìnrin onírun pupa kan tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀, pé àwọn tí wọ́n wo ojú wọn mọ ère wọ̀nyẹn, ṣé wọ́n ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ń sin ère wọn. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó ní ìbéèrè tó dáa gan-an ni. Ṣé ẹ rí i? Ìbéèrè tó dáa, kò sí ìdáhùn.

Bí mo ṣe di olè

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, tíṣà ní kí àwa tá a wá mú ọmọ wọlé wá wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kò sí èyí tó ga ju ìgò ọtí lọ. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa kó wọn lọ síbi tí iná wà láti sun wọ́n. Mo mọ tiwa kí n tó débẹ̀. Irun dídì méjì, eyín iwájú tó yọ. Ó tiẹ̀ fi àmì sí etí òsì níbi tí òun ti fi yẹtí fa etí ya. Ọmọ náà lọ́wọ́ iṣẹ́, ọwọ́ ìyá mi ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Tọ́lá lọ mú kóòtù rẹ̀, tíṣà kọjú sí ẹlòmíràn, mo gbé ère náà sínú báàgì mi, mo fi síkáàfù bò ó. Mo mú ọmọ náà lọ́wọ́, a jáde.

Iná kò tíì rí amọ̀ náà, omi lè dá a padà. Nígbà tí Tọ́lá ń wo tẹlifíṣọ̀n, mo gbé bàkẹ́ẹ̀tì omi sí ẹ̀yìnkùlé, mo rọra fi ère náà sínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ fọ́ ọ. Mo jókòó tì í títí irun fi tú, tí ojú fi lọ, tí gbogbo rẹ̀ fi di ẹrẹ̀. Mo ka Sáàmù. Mo rò pé mo ti gba ọmọ mi là.

Lọ́jọ́ kejì, ẹkún ni Tọ́lá fi dé. Ère rẹ̀ ti sọnù. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í ní kíláàsì ni gbogbo wọn rò pé ó mú un. Wọ́n ti da báàgì ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀, wọ́n tú u wò. Bó ṣe sọ ìyẹn, mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́yìn. Fúnmi wà níbẹ̀. Mo ní, “Ẹ má wá olè kiri mọ́. Èmi ni.”

Tọ́lá sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. “Níbo ló wà?”

Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fi bàkẹ́ẹ̀tì hàn án. Ó wo inú ẹrẹ̀ náà. Ó gbé ojú sókè.

“Ẹ pa mí, Màmá,” ó wí.

Ẹ gbọ́ o. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà pa á ni mo ṣe di olè, òun náà ló dúró níwájú mi tó ń pè mí ní apani.  Fúnmi kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó kàn ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fọwọ́ kan ohun olóhun.” Ó mú ọmọ rẹ̀ wọlé. Tọ́lá kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà sí yàrá tirẹ̀.

Ojú tèmi

Ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ náà kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Tí mo bá lọ mú un nílé ìwé, á máa lọ níwájú, èmi á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó jẹ gbèsè. Mo gbọ́ tí Fúnmi ń sọ fún Káyọ̀dé pé bóyá kí àwọn wá ẹlòmíràn tí á máa lọ mú un. Mo sunkún. Ṣé torí èyí ni mo ṣe wá sókè òkun? Ọmọ tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ ti ń bọ́ lọ́wọ́ mi lójú ayé mi.

Mo ní kí Fúnmi mú mi lọ bá tíṣà. Ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó sì mú mi lọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n tú báàgì rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí, bó ṣe wà gan-an, Fúnmi sì ń wo ilẹ̀. Tíṣà náà kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí ni òun lè ṣe.

Mo ní, “Ẹ fún mi láyè kí n mọ tèmi. Èmi ni kí ẹ sin. Mo ti dàgbà.”

Ó ní Grandma, ẹ máa bọ̀.

Ẹrẹ̀ inú bàkẹ́ẹ̀tì yẹn náà ni mo lò, mo ti sẹ́ ẹ, mo ti pò ó. Amọ̀ kò ní orúkọ títí ẹ ó fi fún un lójú. Mo gbé e ka orí àga kan láàárín kíláàsì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ń yí i ká bí ìyá mi ṣe ń yí ìkòkò ká, ẹ̀yìn ni mò ń fi rìn. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti dìde, àwọn náà ń fẹ̀yìn rìn. Tọ́lá nìkan ló jókòó sí àyè rẹ̀.

Mo ṣe gèlè fún ọmọ ogun náà. Mo ṣe imú, mo ṣe ẹnu. Mo ń wò ó bóyá ó ti tó, ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ẹ gbàgbé ìlà yín.”

Tọ́lá ni, igi ìṣáná kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi í fa pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lọ́tùn-ún, mẹ́ta, ó tún fa mẹ́ta lósì. Ó ń yọ ahọ́n bí ó ti ń ṣe é. Tíṣà bi í bóyá òun náà fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe, àyè ṣì wà. 

Ó wò mí, ó wo ère náà. Ó ní, “Rárá. Màmá máa dúró fún mi.”

Nígbà tí tèmi gbẹ, wọ́n sun òun náà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin wọ́n. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ lẹ́bàá ọgbà, wọ́n tò wọ́n sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, olúkúlùkù ọmọ ń gbé ara rẹ̀ wọlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Tọ́lá ló gbé mi wọlẹ̀. Mo dúró lábẹ́ agboòrùn, mò ń wo ìsìnkú ara mi, mi ò mọ̀ bóyá olóòkú ni mí tàbí òkú. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò wá. Ọmọ náà ti ọwọ́ rẹ̀ tó tutù bọ inú tèmi, ó sì kó ìrọ̀rí rẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ilé

Ọyẹ́ ni mo bá nílé nígbà tí mo dé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ó pẹ́ sí i, òjò ti ń rọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ń jẹ àgbàdo, ni fóònù dún. Tọ́lá ni. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀.

“Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Mo wà. Kí ló dé?”

“Ṣé ọrùn ń dùn yín?”

Ó ṣe díẹ̀ kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà tò. Wọ́n ti wú àwọn ọmọ ogun náà ní ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo wọn jáde láìfarapa, tèmi nìkan ni orí rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn. Tíṣà ní òtútù ló fà á, omi wọ ibẹ̀, ó di yìnyín. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ náà kò ti jẹun dáadáa, ó ń dúró kí wọ́n pè mí.

Èmi tí mo mọ amọ̀, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ọrùn mi gùn, mo sì mọ ọ́n tín-ínrín jù. Síbẹ̀ ọwọ́ mi ti dé ọrùn mi kí n tó mọ̀.  Lẹ́yìn ìyẹn, ohun mìíràn dìde nínú mi: bó bá jẹ́ ti ọmọ yìí ni wọ́n sin ńkọ́? Halelúyà ti dé ẹnu mi. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa ẹkún, mo sì gbé e mì.

“Àdùkẹ́, gbọ́,” mo wí. “Amọ̀ lásán ni. Kì í ṣe èmi. Èmi nìyí, mò ń jẹ àgbàdo. Ère kì í ṣe èèyàn.”

 Mo rò pé ó ti gbà.

“Tó bá jẹ́ amọ̀ lásán ni,” ó wí, “kí ló dé tí ẹ fi jí tèmi?”

 Mo gbé àgbàdo ọwọ́ mi sílẹ̀. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù, ó ń dúró dè mí.

“Nítorí pé ojú rẹ ni mo rí lára rẹ̀,” mo wí.